Èsì: Ṣé Nàìjíríà rú àdéhùn ECOWAS ní ọdún 1983?
Ẹ béèrè bóyá Nàìjíríà rú àdéhùn ECOWAS (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) nígbà tí ó lé àwọn ará Gánà àti àlejò mìíràn jáde ní oṣù kìíní ọdún 1983. Bí a bá wo ìwé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 lórí lílọ-bíbọ̀ àwọn ènìyàn nìkan, ó ṣòro láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ọjọ́ 90 ni ó fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti gbé ní orílẹ̀-èdè ECOWAS mìíràn láìgba físà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì péré tí a fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti kó ẹrù ni ó ba àjọṣe jẹ́. Gánà náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n ECOWAS kò tíì sí nígbà náà.