Aṣọ òjò ọlọ́kadà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kadà ni mo ń gùn n'Íbàdàn. Aṣọ òjò mi kò ya, síbẹ̀ omi ń wọ̀ mí nídìí. Irú èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ojú rírán ni omi ń gbà wọlé, pàápàá nídìí ṣòkòtò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí inú rẹ̀ síta. Bí wọn kò bá fi téèpù lẹ ojú abẹ́rẹ́ pa, ẹ dá a padà. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ rà. Èyí tó rí bí agbádá yẹn ńkọ́? Ẹ má dán an wò: atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, etí rẹ̀ lè kó sí ṣéènì. Ẹ wọ̀ ọ́ jókòó lórí ọ̀kadà wò. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò á sún sókè, kó ṣì bo ọrùn bàtà láti òde, kó má sì kan sàlẹ́ńsà, torí kíá ni aṣọ òjò ń yọ́.