Bẹ́ ẹ ṣe máa wá bàbá àgbà oníjà tó ṣiṣẹ́ rélùwéè, tẹ́ ẹ bá wà lókè òkun

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé láti Peckham ní London. Ẹ ní bàbá tó bí bàbá yín jẹ́ fáyàmánù ní rélùwéè Èbúté Mẹ́ta láyé òyìnbó, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ̀ńjìnnì, wọ́n máa ń mutí, wọ́n máa ń jà, wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n rí, wọ́n wá fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀ lọ sókè Ọya, wọn ò sì padà wálé mọ́, àti pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti béèrè ńṣe làwọn ẹbí ń sọ pé kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ bàbá yẹn sílẹ̀.

Ẹ má fi sílẹ̀ o. Ìwà tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pa ẹnu mọ́ yẹn gan-an lẹ máa fi rí wọn. Lébìrà tó bá jí láàárọ̀, tó lọ síbi iṣẹ́, tó gbowó ẹ̀, tó padà wálé sùn, ta ló fẹ́ kọ̀wé nípa ẹ̀ nígbà náà? Ẹni tó bá na fóòmánù, tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ̀ńjìnnì bá ṣe léṣe, tí ìyàwó bá gbé lọ sí kóòtù, òun ni ìjọba òyìnbó ń ṣí fáìlì fún. Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fọ bàbá yẹn mọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ń wá bàbá jẹ́jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná, ìwé máa dúró dè yín, àwọn àgbà ò lè dúró. Ẹ má sì pe àwọn ọkùnrin ilé nìkan, baálé máa sọ ohun tó bá yẹ kí àlejò gbọ́ ni. Àwọn ìyàwó ilé tó ti darúgbó lẹ máa wá lọ. Tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni bàbá ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n máa ní rárá. Ẹ béèrè pé ta ni wọ́n bá jà, níbo ni wọ́n ń gbé nígbà tí ìjà yẹn ṣẹlẹ̀, ta ló lọ gbà wọ́n sílẹ̀, ṣé wọ́n ti bí bàbá mi nígbà yẹn àbí wọn ò tíì bí i, ṣé ogun Hítílà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà tí ò mọ ọdún kankan máa mọ̀ dáadáa pé wọn ò tíì gba ọmú lẹ́nu ọmọ kan báyìí lọ́jọ́ tí wọ́n mú bàbá. Tẹ́ ẹ bá lẹ́ni tẹ́ ẹ fọkàn tán nílé, kó lọ jókòó tì wọ́n, kó mú nǹkan dání, kó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kó má sì já lu ọ̀rọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n ki bàbá yẹn. Oríkì tiwọn gan-an ni mò ń sọ o, kí wọ́n kì í dópin. Bàbá tó bí ìyá mi, ọmọ Ọ̀ffà ni, ojú irin rélùwéè ni wọ́n ń tún ṣe, nínú ilé wa ohun táà ń gbọ́ ò ju pé bàbá ṣiṣẹ́ ìjọba lọ. Ìyá kan tó jẹ́ ìyàwó ilé ló kì wọ́n fún wa, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀ffà bí wọ́n ṣe ń ki gbogbo ọmọ Ọ̀ffà, ká tó mọ̀ ó ti ń sọ pé ọkọ mi a-gbá-fóòmánù-létí-ní-Mínnà, ó gbá a tán ó tún ní kó san owó òun. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀: fóòmánù wà ńbẹ̀, Mínnà wà ńbẹ̀, owó iṣẹ́ tí wọn ò san wà ńbẹ̀. Mínnà ni rélùwéè tó ti Èkó wá ti pàdé èyí tó ti Bárò lọ sí Kánò, Niger Province ló sì wà láyé òyìnbó, ìyẹn ni pé National Archives Kàdúná, níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ni fáìlì ẹ̀ wà, ti Ìbàdàn kọ́. Ìlà oríkì kan ló sọ ìyẹn fún wa.

A rán ọmọ yunifásítì kan lọ síbẹ̀. Ohun tó rí ni ìwé ẹ̀bẹ̀ táwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin ní kí akọ̀wé lẹ́tà bá wọn kọ nítorí owó iṣẹ́. Nígbà yẹn ẹni tí ò mọ̀wé máa ń sanwó fún akọ̀wé lẹ́tà, wọ́n á kọ orúkọ kálukú sísàlẹ̀, onítọ̀hún á fi gègé fa àmì X sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ̀. X ti bàbá wa tẹ̀ wọ inú ìwé débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ luhò. Ìyá mi tẹjú mọ́ X yẹn lórí fóònù títí.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ orúkọ dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù. Orúkọ tẹ́ ẹ ń jẹ́ lónìí lè má jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́. Akọ̀wé lè mú orúkọ Mùsùlùmí tàbí orúkọ ìsàmì, kó fi orúkọ ìlú tì í, ó parí nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ ti bàbá wa nìyẹn, Offa ni wọ́n fi ṣe orúkọ bàbá fún wọn. Ẹlòmíì ìnagijẹ ni. Àkọtọ́ náà yàtọ̀ sí tìsinsìnyí, ẹ wá Sh níbi tẹ́ ẹ bá ti ní ṣ, ẹ wá aiye dípò ayé, ẹ wá Oshogbo àti Ogbomosho, ẹ ò ní rí àmì ohùn kankan. Ẹ kọ oríṣi mẹ́fà méje tí orúkọ yẹn lè gbà jáde sórí pépà, kẹ́ ẹ fún ẹni tó máa bá yín wá a.

Ó ku ọ̀rọ̀ National Archives. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: ti Ìbàdàn tó wà nínú ọgbà yunifásítì UI, ti Kàdúná, àti ti Enúgu. Iṣẹ́ tó bá ṣẹlẹ̀ l'Ékòó àti nílẹ̀ Yorùbá, ẹ lọ sí Ìbàdàn. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wo ìwé àtòjọ CSO 26, ìyẹn ọ́fíìsì Chief Secretary, àti COMCOL 1 tó jẹ́ ti kọmíṣọ́nà Èkó, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo ti agbègbè ìlú yín, bí Oyo Prof tàbí Abe Prof, ìyẹn fáìlì Oyo Province àti Abeokuta Province. Ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi railway, strike, petition, assault, accident, ẹ má wá orúkọ bàbá nìkan, torí orí fáìlì kì í sọ orúkọ lébìrà. Ẹni tó bá lọ máa mú lẹ́tà àti ìwé ìdánimọ̀ lọ, ó máa san owó díẹ̀, wọ́n á fún un níwèé tó máa kọ nọ́ńbà fáìlì sí, á sì dúró kí wọ́n gbé e wá. Ọmọ tó ń ṣe másítáàsì nínú ìtàn ní UI lẹ máa wá, ẹ sanwó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún un, kó máa fi fọ́tò èèpo fáìlì àti nọ́ńbà ojú ìwé ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó san ìyókù. Ẹni tó bá ti ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun máa rí i dandan kó tó wo nǹkan kan, ẹ sá fún un.

Gásẹ́ẹ̀tì ìjọba ò lè ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, àwọn ọ̀gá àtàwọn akọ̀wé ló ń gbé, kì í gbé fáyàmánù. Ìwé ọjọ́ ìbí náà, ẹ má fi da ara yín láàmú, Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1863, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n bí sóko lẹ́yìn ìyẹn ò ní. Ìwé ìsàmì ṣọ́ọ̀ṣì dáa jù ú lọ tí wọ́n bá jẹ́ onígbàgbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ibi tẹ́ ẹ ti ju àwa tá a wà nílé lọ ni ìwé ìròyìn. British Library ní ìwé ìròyìn Èkó àtijọ́: Daily Times tó bẹ̀rẹ̀ ní 1926, Akéde Èkó tí Isaac Thomas ń fi Yorùbá gbé jáde láti 1928, West African Pilot tí Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ ẹjọ́ kóòtù sí, ìjà ilé ọtí, olè èédú, ẹni tó bú ọlọ́pàá, gbogbo ẹ̀ ló máa ń wà ńbẹ̀. Mo sọ èyí torí tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ béèrè orúkọ wọn ní Freedom Park, níbi tí ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀, ibi ìgbafẹ́ ni ibẹ̀ báyìí, wọn ò tọ́jú ìwé ẹlẹ́wọ̀n síbẹ̀. Kóòtù gíga Igbóṣéré náà, iná jó o ní October 2020, ọ̀pọ̀ ìwé ló bá a lọ, ó dùn mí títí dòní.

Tí bàbá bá ṣì wà ní Èbúté Mẹ́ta láàárín 1941 sí 1945, ẹ ka àwọn ọdún yẹn dáadáa. September 1941 ni Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kó àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lẹ́yìn lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé ìjọba, ní 1943 ìjọba mú un, wọ́n lé e kúrò l'Ékòó, 1945 ló padà wá. June 22 ọdún yẹn làwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ọjà ti gbówó lórí nítorí ogun, owó iṣẹ́ ò kúrò lójú kan, wọ́n ní kí lébìrà máa gba ó kéré tán ṣílè méjì àbọ̀ lójúmọ́. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó wọlé padà. Ẹ rántí pé ìjọba fòfin de ìwé ìròyìn Pilot àti Comet ní July 8, torí náà tẹ́ ẹ bá rí àlàfo níbẹ̀, ẹ bọ́ sínú Daily Times. National Archives ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kew ní London náà ní fáìlì ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn lábẹ́ CO 583, ẹ lè wá nọ́ńbà ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsanwó kẹ́ ẹ tó lọ. Ó lè má sí orúkọ bàbá yín ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ohun tí ọkùnrin kan ń gbà lójúmọ́ nígbà yẹn, àti iye tí gàrí ń tà, á mọ̀ pé kì í ṣe ìwà burúkú nìkan ló ń gbé èèyàn wọ ilé ọtí.

Ẹ wá ìyàwó tí wọ́n fi sílẹ̀ náà o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú èyí ní pàtàkì torí ẹ ò mẹ́nu bà á. Obìnrin tí ọkọ bá ti lọ, tó bá fẹ́ fẹ́ ẹlòmíì, ó ní láti lọ kọ ọkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, kí wọ́n sì dá owó orí ìyàwó padà. Nínú ìwé kóòtù yẹn wọ́n á kọ orúkọ ọkọ, ìlú ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, iye owó orí, nígbà míì ibi tí wọ́n gbọ́ pé ó wà báyìí. Ìyá yẹn á sọ ohun tójú ẹ̀ rí, akọ̀wé á sì kọ ọ́. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé yẹn wà ní archives Ìbàdàn, díẹ̀ ṣì wà ní kóòtù ìlú, kí ẹni yín lọ bá rẹ́jísírà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìyá tí wọ́n fi sílẹ̀ láti tọ́ bàbá yín nìkan yẹn, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn tiẹ̀ náà.

Ní òkè Ọya, àwọn ará wa máa ń wà papọ̀ ní Sabon Gari, ìyẹn àdúgbò àwọn àlejò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú yín ní Zaria, Mínnà tàbí Kafanchan, lọ́wọ́ àwọn àgbà mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá ibẹ̀, wọ́n máa ń mọ ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ pé bàbá lè ti bímọ síbẹ̀ o. Ẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó ń pa àwọn ẹbí lẹ́nu mọ́, ìtìjú nìkan kọ́, wọ́n ń rò pé ẹ̀ẹ́ kó ọmọ bàbá wá gba ilẹ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ fún baálé pé ọ̀rọ̀ ogún kọ́ lẹ bá wá. Tí wọ́n bá sọ pé bàbá wọṣẹ́ ológun, tí wọ́n sì kú sógun Burma, ẹ wá orúkọ lórí sáìtì CWGC, ìyẹn Commonwealth War Graves Commission tó ń tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ogun tó kú. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àwọn èrò ọkọ̀ wà ní Kew lábẹ́ BT 26.

Ní báyìí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí síbí fún mi: ìlú àti orúkọ agboolé, ẹ̀sìn wọn, orúkọ àbísọ àti ìnagijẹ tẹ́ ẹ bá mọ̀, irú ilà tó wà lójú wọn, orúkọ ìyàwó tí wọ́n fi sílẹ̀ àti agboolé tiẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ṣì wà láyé. UI ò jìnnà sí mi, mo lè bá yín wo ìwé àtòjọ fáìlì kí n sì sọ èyí tó tọ́ kẹ́ ẹ sanwó sí.