Ta Ló Ń Gbé Bílì Iná Wa Sókè ní Ìlú Ọba: Afẹ́fẹ́ ni àbí Gáàsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ lórí rédíò pé iná tí afẹ́fẹ́ ń mú wá ló pọ́ọ́kú jù, síbẹ̀ bílì wa kò yé gòkè. Àwọn kan níbi iṣẹ́ mi ní àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ló ń jẹ wá lówó, pé wọ́n tilẹ̀ ń sanwó fún wọn kí wọ́n má ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, gáàsì ni. Ta ni ká gbà gbọ́? Ilé iṣẹ́ iná kan sì tún ń pè mí pé kí n bọ́ sórí green tariff wọn, ìyẹn ètò iná tí wọ́n ní kò ní èéfín, kí n máa fi díẹ̀ lé owó mi. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà fún wọn lórí fóònù. A óò débẹ̀.

Àwọn méjèèjì tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn níbi iṣẹ́ ló mú apá kan òótọ́ dání. Ẹ yọ èrè ilé iṣẹ́ iná àti VAT ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, owó mẹ́ta ló kù tó ṣe pàtàkì nínú bílì yín: owó iná fúnra rẹ̀ lọ́jà, owó wáyà tó gbé e délé yín, àti owó tí òfin ní kí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín fi ran àwọn tó ń pèsè iná tí kò ní èéfín lọ́wọ́. Olóṣèlú tó fẹ́ràn afẹ́fẹ́ á máa sọ ti àkọ́kọ́. Èyí tí kò fẹ́ ẹ á máa sọ ti ìkẹta. Ti wáyà kì í sábà wọ ẹnu wọn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ "wọ́n ń sanwó fún un kó má ṣiṣẹ́" ti wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọjà. Iná kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn ń kó sínú àká. Bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ ni a ń lò ó tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín ọjọ́ kan sí ìgbà 48, ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, tí iye owó sì ń yí padà láti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Ká ní ẹ ń wá ọgọ́rùn-ún kóńgò gàárì fún ìnáwó. Ìyá àkọ́kọ́ ní ogójì, ó lè tà á ní ₦800. Ìyá kejì náà ní ogójì, tirẹ̀ jẹ́ ₦1,000. Ogún tó kù, ọwọ́ ìyá kẹta nìkan ló wà, kò sì ní gbà kó dín ní ₦2,500. Ní ọjà Bódìjà, ẹ ó san iye tí ẹ bá oníkálukú ná sí. Ní ọjà iná, ₦2,500 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gbà, nítorí ẹni tó wọ́n jù, tí ẹ kò sì lè ṣe kí ẹ má rà lọ́wọ́ rẹ̀, ló ń dá iye fún gbogbo ọjà. Ìyá àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́, ìkejì ni núkílíà, ìyá kẹta ni gáàsì.

Nítorí náà, ẹni tó ní gáàsì ló ń gbé bílì sókè kò parọ́. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022 tí gáàsì di góòlù, iná tí afẹ́fẹ́ ń mú wá láti Òkun Àríwá náà wọ́n tẹ̀lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ra epo fún afẹ́fẹ́. Ìgbà tí ìyá àkọ́kọ́ àti ìkejì bá ní gàárì tó pọ̀ tó pé ẹ kò nílò ìyá kẹta rárá ni owó ọjà tó ń já wálẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ láwọn òru tí atẹ́gùn bá pọ̀. Kò tíì pọ̀ tó láti yí bílì ọdún kan padà.

Owó ìrànwọ́ ló kàn, ibí ni àwọn ará ibi iṣẹ́ yín sì ti ní ẹjọ́ tó dúró. Ètò méjì ló wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pò wọ́n pọ̀ fún yín. Ti àtijọ́ ni Renewables Obligation, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀rọ tuntun ní 2017. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń gba iye owó ọjà, ó tún ń gba ìwé-ẹ̀rí tó ń tà lé e lórí. Iye ìwé-ẹ̀rí kan lé ní £60. Àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ sábà máa ń gba bí ẹyọ kan fún ẹgbẹ̀rún yúnìtì, àwọn kan lójú òkun sì ń gba bí méjì. Nígbà tí gáàsì wọ́n, àwọn wọ̀nyí jẹ lápá ọ̀tún, wọ́n jẹ lápá òsì. Fún ilé tó ń lo 2,700 yúnìtì lọ́dún, èyí tí Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà iná, fi ṣe òṣùwọ̀n ilé àárín, ètò yìí gba bí £90 lọ́dún ní 2025. Nínú ìṣúná November 2025, ìjọba ní láti April 2026 òun yóò gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó yìí kúrò lórí bílì ilé fún ọdún mẹ́ta, kí àpò ìjọba máa san án. Bílì á fúyẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ owó orí yín ló wà nínú àpò náà.

Ètò tuntun ni wọ́n ń pè ní Contracts for Difference. Wọ́n á dá iye kan fún ilé iṣẹ́ afẹ́fẹ́ fún ọdún 15, tàbí ogún ọdún nínú àwọn àdéhùn tuntun. Ká ní £80 ni fún ẹgbẹ̀rún yúnìtì. Bí ọjà bá wà ní £60, àwa tó ń ra iná á fi £20 kún un. Bí ọjà bá fò dé £100, ilé iṣẹ́ náà á dá £20 padà. Èyí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ó tilẹ̀ dá owó padà nígbà tí gáàsì le. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún iye tí wọ́n ń pè lórí tẹlifíṣọ̀n. Owó 2012 ni wọ́n fi ṣírò àwọn àdéhùn wọ̀nyí títí dé ti 2024. Ní 2022, afẹ́fẹ́ ojú òkun gba àdéhùn ní £37.35. Ní September 2023, ìjọba fi iye tó kéré jù lélẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ ojú òkun kan ṣoṣo tó dá wọn lóhùn. Ní 2024 ó di £58.87, èyí tó jẹ́ bí £82 lówó ọdún náà, lẹ́yìn tí irin àti èlé báǹkì ti gbówó lórí. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe iye kan fún yín, ẹ bi í pé owó ọdún wo. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn á parí síbẹ̀.

Ó wá ku ti wáyà. Ibi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí kọ́ ni èèyàn pọ̀ sí. Ẹ wo Seagreen, ẹ̀rọ 114 nínú òkun ní ìhà Angus ní Scotland, agbára rẹ̀ lé ní 1,000 mẹ́gáwáàtì. Àwọn tó ń lo iná jù wà nísàlẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìjì bá ń jà lóru, iná tó wà lókè máa ń ju ohun tí àwọn wáyà ààlà lè gbé. Wáyà tí iná pọ̀ jù nínú rẹ̀ á gbóná, á gùn, á sì rọ̀ wálẹ̀ sí orí igi. Kó tó débẹ̀, àjọ NESO tó ń darí iná á ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ní kí àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ òkè dín iná kù. Apá ẹ̀rọ náà á yí ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí rẹ̀ ló máa kọjú sí afẹ́fẹ́, atẹ́gùn á sì kọjá láìtì í. Wọ́n á tún ní kí ẹ̀rọ gáàsì kan nísàlẹ̀ tan iná kún iná, kí àwọn tó wà níbẹ̀ má bàa wà lókùnkùn.

Méjèèjì la ń san. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń gbowó nítorí ó ti ta iná yẹn ṣáájú, àti pé bí kò bá pèsè rẹ̀, ìwé-ẹ̀rí tàbí owó àdéhùn rẹ̀ bọ́. Ohun tí ẹni tó ń bínú kì í sọ ni pé gáàsì tí wọ́n tàn dípò rẹ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ohun tí ẹni tó ń gbèjà kì í sọ ni pé wọ́n kọ́ àwọn ẹ̀rọ síwájú wáyà, wọ́n mọ̀ pé wáyà kò tíì sí. Wáyà abẹ́ òkun méjì, Eastern Green Link 1 àti 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé 2,000 mẹ́gáwáàtì láti Scotland wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, 2029 sì ni wọ́n dá fún wọn. Ti orí ilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti dárúkọ òpó irin gíga, bíi ti ìlà Norwich sí Tilbury, àwọn ará abúlé á gbé pátákó jáde, aṣòfin wọn á sì tẹ̀lé wọn, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń pariwo iná afẹ́fẹ́ ló ti wá.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: agbára afẹ́fẹ́ kì í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìyára rẹ̀ bá já sí ìdajì, láti mítà 12 sí mítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iná tó ń jáde á já sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nísàlẹ̀ mítà 3, ẹ̀rọ kì í mú iná wá. Bó bá sì ti dé bíi 25, á pa ara rẹ̀ kó má bàa fọ́. Nígbà òtútù, ó lè ṣe ọjọ́ mélòó kan tí afẹ́fẹ́ á dákẹ́ jẹ́ẹ́ káàkiri, oòrùn náà kò ní yọ. Ibùdó Dinorwig ní Wales, tó ń fi omi tí wọ́n ti fà gòkè mú iná wá, àti àwọn bátìrì ńlá lè fi wákàtí díẹ̀ gbà wá sílẹ̀. Wọn kò lè gbà wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà gáàsì á ṣì wà níbẹ̀ lójúfò, a ó sì máa san owó ìdúró fún un. Ẹni tó ní ká pa á tì lọ́la kò tíì ṣírò.

Nínú òṣèlú fúnra rẹ̀, àwọn nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ nìwọ̀nyí. Ní 2015, ìjọba David Cameron fi òfin àṣẹ ìkọ́lé dí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ lọ́nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Labour gbé e kúrò ní July 2024, láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n dé. Ní July 2025, ìjọba kan náà kọ àbá pé kí iye owó iná yàtọ̀ láti àgbègbè sí àgbègbè, èyí tí ìbá mú un pọ́ọ́kú ní Scotland kó sì wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá bíi tiwa tó ń darí ẹgbẹ́ Conservative, sọ ní March 2025 pé àfojúsùn 2050, ìyẹn pé kí èéfín tó ń ba ojú-ọjọ́ jẹ́ já sí òdo nígbà náà, kò ṣeé ṣe. Nígbà tó di October, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn á fagi lé òfin ojú-ọjọ́ ti 2008. Kí ẹ tó yọ̀ tàbí bínú, ẹ rántí pé àwọn àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí kì í bá ìdìbò lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, a ó ṣì máa san wọ́n.

Ó wá kan green tariff. Iná tó ń wọ ilé yín kò ní yí padà. Wáyà kan náà ni, iná kan náà ló ń bá ilé tó kángun sí tiyín wọlé. Ìwé-ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń pè ní REGO, ọ̀kan fún ẹgbẹ̀rún yúnìtì iná tí kò ní èéfín. Ilé iṣẹ́ lè rà á lọ́tọ̀ láìra iná náà, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná gáàsì. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fúnra wọn lẹ ti ń ra iná, àbí ìwé-ẹ̀rí lẹ kàn ń rà? Bí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ má fi kọ́bọ̀ lé owó yín.

Ohun tó lè dín bílì kù gan-an ni àkókò. Bí ẹ bá ní smart meter, mítà tó ń fi iye tí ẹ lò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ béèrè fún iye owó tó ń pọ́ọ́kú lóru. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ná. Ká ní 26p ni yúnìtì yín tọ̀sántòru, tí ti tuntun wá jẹ́ 15p lóru, 32p lọ́sàn-án. Bí ohun tí ẹ ń lò lóru kò bá tó bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ó pàdánù. Fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n kò ní gbé yín débẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná àti ọkọ̀ oníbátìrì ló lè ṣe é. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí èyí tó ń gbẹ aṣọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sùn o. Àwọn panápaná ń kìlọ̀ nítorí ó máa ń gbiná.

Price cap, ààlà owó iná tí Ofgem ń kéde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, iye yúnìtì àti standing charge ló fi ààlà sí, kì í ṣe àpapọ̀ bílì. Standing charge yìí, ojoojúmọ́ ló ń ká, bí ẹ kò tilẹ̀ tan gílóòbù kan. Bí mítà yín bá jẹ́ èyí tí ẹ ń fi owó sí tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì ń lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní December, ẹ ṣírò rẹ̀: bó bá jẹ́ 55p lójúmọ́, £23.10 nìyẹn fún iná nìkan, ti gáàsì tún wà lọ́tọ̀. Ẹ fi owó sí i kí ẹ tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbèsè ni mítà á máa kọ sílẹ̀ dè yín, òun ló sì máa kọ́kọ́ jẹ nínú owó tí ẹ bá fi sí i lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ nínú òtútù January.