Kí o tó kọ ọ́ pé òpó nánó ló pa bakitéríà

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó jókòó dáhùn. O ní o fi iná mànàmáná lu ihò nánó, ihò tí ojú lásán kò lè rí, sára alumíníọ̀mù nínú ásíìdì, o yọ́ ike polystyrene sínú ihò náà, o tú alumíníọ̀mù kúrò, ike olópòó tó kù sì ń pa bakitéríà E. coli ju ike dídán lọ. O wá béèrè ohun méjì: kí ló dé tí ihò rẹ kò tò bíi tinú àwọn paper, àti ṣé kí o máa kọ èsì rẹ lọ. Èkejì ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló ká mi lára. Má tíì kọ ọ́. Ibi tí o wà yìí ni mo wà nígbà tí mo ń ṣe másítà, oṣù mẹ́jọ sì ni mo pàdánù síbẹ̀.

Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí. Nígbà tí polystyrene ti wọnú ihò tó sì ti tutù, mo ki gbogbo rẹ̀ bọ inú copper chloride kí alumíníọ̀mù tó wà lẹ́yìn lè yọ́. Bó ṣe ń yọ́ ni bàbà pupa ń jókòó dípò rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo ṣan ìyẹn dànù, mo sì fi caustic soda, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, tú alumina tó kù, ìyẹn ìpele líle tí ihò wà nínú rẹ̀, èyí tí iná mànàmáná sọ ojú alumíníọ̀mù dà. Ohun tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni ike tí òpó kéékèèké hù sí lára, àárín òpó kan sí èkejì tó nǹkan bí 100 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Mo da E. coli lé e lórí. Nígbà tí mo kà wọ́n, agbára káká ni mo fi rí èyí tó yè. Ti orí ike dídán, èyí tí mo yọ́ sórí gíláàsì, hù bo gbogbo àwo. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ìyá kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ bakitéríà ló dá mi dúró. Wọ́n wo àwòrán mi tán, wọn ò bi mí ní nǹkan kan nípa òpó. Wọ́n ní, "Ike dídán tí o fi ń wé e yìí, ṣé òun náà wẹ̀ nínú copper chloride?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní kí n gé ike olópòó mẹ́ta wá. Wọ́n kó wọn sínú omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò kankan nínú, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n yọ ike náà sọnù, wọ́n sì da E. coli sínú omi tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí a gbé e sórí agar, oúnjẹ bíi jẹ́lì tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀, kò sí ohun tó hù. Kò sí òpó kankan nínú omi yẹn, àbúrò mi. Bàbà ló wà níbẹ̀. Inú ike ló há sí láti ọjọ́ yìí wá, òun ló ń jò jáde díẹ̀díẹ̀ tó ń pa wọ́n. Pé bàbà ń pa bakitéríà kì í ṣe ìròyìn tuntun fún ẹnikẹ́ni, mo mọ̀ ọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò kàn rò ó mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àwọn tó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí kò fojú fo ibẹ̀. Ní 2012, Elena Ivanova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Swinburne ní Melbourne fi hàn pé ìyẹ́ kòkòrò cicada kan ní Ọsirélíà, Psaltoda claripennis, máa ń fa awọ ara bakitéríà Pseudomonas aeruginosa ya. Òpó ara ìyẹ́ náà ga tó 200 nánómítà, orí rẹ̀ fẹ̀ tó 60, àárín òpó sí òpó sì jẹ́ nǹkan bí 170. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé bóyá nǹkan kan tó wà lára ìyẹ́ náà ló ní oró. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi góòlù tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 10 nánómítà bo ìyẹ́ náà. Kẹ́míkà ojú rẹ̀ yí padà, ìrísí òpó kò yí, bakitéríà sì ń kú síbẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, góòlù yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wo ìyẹ́ lámilámi àti silicon dúdú tí òpó kún ara rẹ̀, èyí sì pa tó 450,000 bakitéríà lójú ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, ike dídán rẹ gbọ́dọ̀ rin gbogbo ọ̀nà tí ike olópòó rìn. Mú alumíníọ̀mù kan náà, dán an, ṣùgbọ́n má lu ihò sí i. Yọ́ polystyrene kan náà lé e, kí o wá fi ṣe gbogbo ohun tí o fi èkejì ṣe, copper chloride, caustic soda, iye ìgbà tí o fi omi ṣàn án, lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí o dà sórí gíláàsì kì í ṣe kọ́ńtírólù, ohun tó yẹ kí o fi wé e. Èmi pa bàbà tì pátápátá nígbà tó yá. Caustic soda tí kò le, tó sì tutù, ni mo fi ń tú alumíníọ̀mù àti alumina pọ̀. Ó máa ń pẹ́. Bí ó bá sì le jù, ìfóòfó hydrogen á máa fa òpó tu, gáàsì yẹn sì lè gbiná, má gbé e sún mọ́ iná.

Lẹ́yìn àtúnṣe yẹn, E. coli tó ń kú dín kù gan-an sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ju ti ike dídán lọ. Bakitéríà mìíràn, Staphylococcus aureus, kò tilẹ̀ mira. Ògiri ara irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ nípọn ju ti E. coli lọ, ohun kan náà ni wọ́n rí lórí ìyẹ́ cicada. Èsì kékeré yìí ni mo kọ, mo sì lè gbè é lẹ́yìn níwájú ẹnikẹ́ni.

Ohun méjì mìíràn wà tó lè tàn ọ́. Polystyrene kì í fẹ́ omi, nígbà tí òpó bá sì wà lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ máa ń há sáàárín òpó, omi á jókòó sórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò. Bakitéríà rẹ lè má tíì fara kan òpó rárá, ìwọ á máa rò pé wọ́n kú ni. Fi ethanol rin ín kọ́kọ́, fi omi lé ethanol jáde, kí o tó da bakitéríà sí i. Èkejì ni àwọ̀ tí o fi kà wọ́n. Pupa propidium iodide ń sọ pé awọ ara ti lu, kò sọ pé ẹ̀mí ti bọ́. Ka èyí tó bá hù lórí agar pẹ̀lú, kí o sì ka àwọn tó léfòó nínú omi mọ́ àwọn tó lẹ̀ mọ́ ike.

Ó wá ku ti ihò tí kò tò. O kọ ọ́ pé fólítì 30 lo lò nínú oxalic acid. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ihò wọ̀nyí ní fólítì tí wọ́n fi ń tò bí afárá oyin: 40 nínú oxalic acid, 25 nínú sulfuric, 195 nínú phosphoric. Àárín ihò sí ihò jẹ́ nǹkan bí nánómítà 2.5 fún fólítì kan, ìdí nìyẹn tí 40 fi ń fún wa ní 100. Alumíníọ̀mù náà gbọ́dọ̀ mọ́ tó 99.999%. Páànù ọjà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kò tò fún mi láéláé. Ẹ̀ẹ̀mejì sì ni kí o lù ú, bí Masuda àti Satoh, àwọn onímọ̀ ará Japan, ṣe fi hàn ní 1996: lù ú fún wákàtí púpọ̀, fọ gbogbo alumina yẹn dànù, àmì kòtò kéékèèké á kù sára alumíníọ̀mù, kí o wá tún un lù lórí àmì yẹn. Ìlù àkọ́kọ́ ló ń tò ó, ìkejì ni o máa lò.

Wákàtí púpọ̀ yẹn ló le jù níbi tí iná ti ń lọ. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń mú ásíìdì tutù á dúró, ásíìdì á móoru, á máa jẹ ògiri ihò. Bí iná bá sì dé lójijì, ojú kan lè jó dúdú. Inverter ni mo so mọ́ ẹ̀rọ fólítì, mo sì ń ra yìnyín kún kúlà sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Máa kọ iye iná tó ń wọlé sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́: ó yẹ kó já wálẹ̀, kó gòkè díẹ̀, kó wá dúró sójú kan. Bí kò bá rìn bẹ́ẹ̀, má wulẹ̀ náwó gbé e lọ sídìí SEM, ẹ̀rọ awò tó ń fi ohun kéékèèké hàn.

Má dá nìkan lo perchloric acid àti ethanol tí a fi ń dán alumíníọ̀mù, má sì jẹ́ kó móoru, ó lè bú gbàmù. Chromic acid tí a fi ń fọ ìlù àkọ́kọ́ ń fa jẹjẹrẹ. Gba ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìgò tó ní àkọlé, má dà á sí gọ́tà, àwọn èèyàn ń pọn omi kànga nísàlẹ̀.

Ṣe ti omi iyọ̀ yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ike mẹ́ta, òru ọjọ́ kan, agar. Bí E. coli bá hù dáadáa nínú omi náà, padà wá ká jọ wo bí o ṣe máa kọ èsì rẹ. Bí kò bá hù, fi fọ́tò àwo agar náà síbí, màá sọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi láìlo bàbà fún ọ.