Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọtí Àpòpọ̀ fún Àlejò Nínú Ilé

Ìwé tí ẹ kọ ránṣẹ́ lórí ọtí àpòpọ̀, ìyẹn cocktail, pọ̀ ju àyè tí a ní lọ, nítorí náà a ṣa díẹ̀ nínú wọn. Omi ló wà nídìí púpọ̀ nínú ẹjọ́ tí ẹ kó wá. Ọtí àti ṣúgà ni gbogbo èèyàn máa ń rò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi tó ń yọ́ lára yìnyín lè sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú ife.

Ẹ̀yin olótùú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá po ọtí fún àlejò mẹ́rin, ife àkọ́kọ́ á dùn, èkejì á kan bí ọtí kíkan, ẹ̀kẹta á máa ta lọ́fun. Ohun kan náà ni mo sì fi pò wọ́n. Kí ló fà á?

Ojú ni ẹ fi ń wọ̀n ọ́n, ojú kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ wá ṣíbí ìdíwọ̀n ńlá tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Mìlílítà 15 ló ń gbà. Ṣíbí ìjẹun kò ṣe é gbára lé, torí wọn kì í dọ́gba. Fún ife kan, ẹ wọn ṣíbí 4 rọ́ọ̀mù funfun, ṣíbí 2 omi ọsàn wẹ́wẹ́ (ìyẹn lime, òun náà la ń pè ní ọsàn nísàlẹ̀ yìí), àti ṣíbí kan àbọ̀ omi ṣúgà. Daiquiri nìyẹn. Bí ẹ bá fi jíìnì rọ́pò rọ́ọ̀mù, ó di irú Gimlet tí wọ́n ń fi ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ṣe. Bó bá jẹ́ wísíkì àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù ni, Whiskey Sour ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan dáadáa ti mọ mẹ́ta.

Ẹ má bu ṣúgà gbígbẹ sí i. Ṣúgà kì í tètè yọ́ nínú ohun tútù, ìsàlẹ̀ ife ló máa jókòó sí, ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ fi ń kan tí ìparí á sì dùn rinrin. Ẹ bu ife ṣúgà kan sínú ife omi gbígbóná kan, ẹ rò ó títí yóò fi mọ́ kedere, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Á lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú fíríìjì. Bó bá ti rú, tàbí tí nǹkan funfun léfòó sórí rẹ̀, ẹ dà á nù.

Ọjọ́ tí ẹ máa lo ọsàn ni kí ẹ fún un. Èyí tó bá sùn mọ́jú máa ń korò. Èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò tà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí ọsàn lórí tábìlì kí ẹ tó gé e, omi rẹ̀ á rọrùn láti jáde. Ọ̀kan máa ń mú bíi ṣíbí kan àbọ̀ sí méjì wá, ṣùgbọ́n kíkan wọn yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ tọ́ ife àkọ́kọ́ wò. Bó bá kan jù, ẹ fi omi ṣúgà díẹ̀ kún un. Ẹ má fi ọtí kún un.

Mi ò ní àgé tí wọ́n fi ń mi ọtí. Kí ni mo lè lò?

Ìgò jáàmù ẹlẹ́nu gbòòrò, tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin. Ọtí, ọsàn àti ṣúgà ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí yìnyín tẹ̀ lé e, kí ìgò má sì kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ẹ mì í jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú àáyá 12 sí 15, títí tí òógùn yóò fi bo ara ìgò. Ẹ fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ. Ìgò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná fọ̀ kò gbọdọ̀ rí yìnyín, á sán ni.

Nígbà mìíràn ìdérí á kọ̀ láti ṣí. Atẹ́gùn inú ìgò ló tutù tó sún kì, tó wá fa ìdérí mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá etí ìdérí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ohunkóhun tó bá ń hó, bíi omi sódà, kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò yìí. Bí ẹ bá mì í, ìdérí lè fò lu èèyàn lójú. Inú ife ni sódà ń wọ̀, òun ló sì ń kẹ́yìn.

Yìnyín díẹ̀ ni mo ń fi sí ife kí omi má baà pọ̀ jù, síbẹ̀ ọtí ti di omi lásán kí àlejò tó mu ún dé ìdajì.

Díẹ̀ yẹn gan-an ló ń fà á. Yìnyín méjì kò lágbára láti mú ife odindi tutù, nítorí náà wọ́n á yọ́ tán sídìí iṣẹ́. Ẹ kó o kún dé etí ife. Ọtí á tètè tutù, ohun tó bá sì ti tutù kì í yọ́ yìnyín kíákíá mọ́. Yìnyín ńlá sàn ju wẹ́wẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ abọ́ ńlá lẹ ń po ọtí sí, ẹ fi abọ́ kékeré dì omi lítà kan mọ́jú, kí ẹ sọ òkìtì náà sínú rẹ̀. Sódà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ti tutù látinú fíríìjì, torí èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń yọ́ yìnyín, híhó rẹ̀ á sì tán kíá.

Ẹ bo yìnyín nínú fíríìsà o. Ó máa ń fa òórùn ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀.

Èèyàn 12 ń bọ̀ wá kí mi. Ṣé mo lè pò ó sílẹ̀ kí n lè ráyè jókòó tì wọ́n?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ọtí náà kò bá ní ọsàn nínú. Negroni ló dára jù fún un: mìlílítà 30 jíìnì, 30 Campari (ọtí pupa tó korò), 30 vermouth pupa (wáìnì tí wọ́n fi ewé olóòórùn sí). Torí pé ẹ ò ní rò ó pẹ̀lú yìnyín mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bu omi là á, bíi mìlílítà 20 fún ife kan. Fún èèyàn 12, ìyẹn jẹ́ 360 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti omi 240, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ mìlílítà 1,320. Ìgò méjì tó ń gba 750 gbà á. Inú fíríìjì ni kó wà fún bíi wákàtí mẹ́rin. Bó bá pẹ́ nínú fíríìsà, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Wáìnì ni vermouth, nítorí náà bí ẹ bá ti ṣí i, fíríìjì ni ilé rẹ̀, kí ẹ sì lò ó láàárín oṣù kan.

Ní ti Daiquiri, ẹ lè po rọ́ọ̀mù àti omi ṣúgà láàárọ̀. Kí ọsàn dúró di nǹkan bíi wákàtí kan kí àlejò tó dé.

Àwọn kan kì í mutí, àwọn kan sì máa wa ọkọ̀ lọ sílé. Kí ni kí n fún wọn?

Ẹ se omi ṣúgà pẹ̀lú ata ilẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹ bò ó fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ṣíbí 2 nínú rẹ̀, ṣíbí 2 omi ọsàn wẹ́wẹ́, yìnyín kún ife, sódà bíi mìlílítà 120. Irú ife kan náà ni kí ẹ fi gbé e fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà dà bí ọmọdé láàárín àwùjọ.

Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Daiquiri kan kì í ṣe bíà kan. Mìlílítà 60 rọ́ọ̀mù tó jẹ́ ìdá 40 nínú 100 ní ọtí pọ́nbélé mìlílítà 24. Bíà mìlílítà 330 tó jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ní 16.5. Kọfí kò sì lè lé e kúrò lára, àfi àkókò.

Mojito mi, ìyẹn ọtí rọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ewé míntì sí, máa ń korò.

Ẹ ń gún ewé míntì bí ẹni gún ata. Òróró tó ń ta sánsán wà lójú ewé níta, omi tó korò wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ewé 8 pẹ̀lú ṣíbí kan omi ṣúgà lẹ́ẹ̀mẹrin péré, kí ewé má ya. Lẹ́yìn náà, ṣíbí kan àbọ̀ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí 3 rọ́ọ̀mù, yìnyín, sódà.