Ṣé Dókítà Yẹn Ò Mọṣẹ́ Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í run àbúrò mi ọkùnrin lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ń bì, ara ẹ̀ gbóná díẹ̀. A gbé e lọ sọ́sibítù kan ládùúgbò, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní malaria àti taifọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa dírípù sí i lára. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ká tó gbé e débòmíì, àpẹ́ńdíìsì ti bẹ́ sínú. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ó ti ń jẹun, àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Ṣé dókítà àkọ́kọ́ yẹn ò mọṣẹ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Mi ò lè sọ pé kò mọṣẹ́. Bóyá ọkàn ẹ̀ ti lọ síbi ibà látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, torí ibà ló ń rí láàárọ̀ lálẹ́, tẹ́ẹ̀sì wá tún gbè é lẹ́yìn. Tẹ́ẹ̀sì malaria tí wọ́n ń gún ìka fún yẹn, èyí tó wọ́pọ̀, ó ṣì lè fa ìlà méjì, ìyẹn ni pé malaria wà, lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn téèyàn ti lo oògùn tán, Widal tí wọ́n fi ń wá taifọ́ọ̀dù gan-an ò ṣeé gbọ́kàn lé. Wọ́n bá sì ti kọ malaria sí káàdì báyìí, nọ́ọ̀sì alẹ́ á kà á, dókítà àárọ̀ á kà á, kò sẹ́ni tó tún máa fọwọ́ tẹ ikùn ọmọ ọlọ́mọ wò. Bẹ́ẹ̀ ìrora àpẹ́ńdíìsì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo ni, á wá sún wá sísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún.

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí n má parọ́. Oṣù kẹta ni, ooru Àbújá yẹn, ọkùnrin kan wọlé tòun ti ara gbígbóná àti ẹ̀fọ́rí, mo ti kọ malaria kó tó jókòó dáadáa, torí gbogbo àwọn tó ṣáájú ẹ̀ láàárọ̀ yẹn, malaria ni. Nọ́ọ̀sì kan ló ní, "Ọ̀gá, ẹ ní kó fi àgbọ̀n kan àyà." Kò lè ṣe é, ọrùn ẹ̀ ti gan. Sankarau táwọn Hausa ń pè yẹn ni, mẹnínjáítìsì, àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo aráa Nọ́ọ̀tù mọ̀ pé àsìkò ẹ̀ ni!

Lọ́jọ́ míì, tẹ́ ẹ bá gbé èèyàn dé emájẹ́ńsì, ẹ má sọ pé "ibà ló ń ṣe é", ẹ sọ ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó sún dé. Tó bá ń le sí i lórí oògùn, ẹ má dúró dọjọ́ kejì, ẹ bi wọ́n pé "Dókítà, kí ló tún lè jẹ́?" Ẹlòmíì á fajú ro ṣá. Ẹ jẹ́ ó fà á ro.