Ṣé kí n da ìyẹ̀fun Ampiclox sójú ọgbẹ́ màmá mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi, a ò tíì kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ojú ọgbẹ́ náà ti ń ṣe ọyún. Dókítà ní MRSA, kòkòrò àìfojúrí tí oògùn bíi pẹnisílìnì kì í ká, ni àyẹ̀wò gbé jáde, wọ́n sì ti pààrọ̀ oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ra Ampiclox, kí n tú kápúsù rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ṣé kí n ṣe é? Ṣé kòkòrò náà kò lè ràn mí?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ màmá ló ń da ẹ̀gbọ́n yín láàmú, ṣùgbọ́n oògùn yẹn gan-an ni kòkòrò yìí ti mọ̀ dunjú.

Kòkòrò àìfojúrí yìí máa ń mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká. Ohun tí pẹnisílìnì àti ẹbí rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń de ọwọ́ bíríkìlà tó ń mọ ògiri náà, títí ilé á fi wó. MRSA ti wá gba bíríkìlà mìíràn tí wọn ò rí dè. Ampicillin àti cloxacillin ló wà nínú Ampiclox, ọmọ ẹbí yẹn sì ni méjèèjì. Kódà, methicillin tí wọ́n fi sọ kòkòrò náà lórúkọ, ìbátan cloxacillin tímọ́tímọ́ ni. Ọdún 1959 ló jáde. Nígbà tó fi máa di 1961, wọ́n ti rí kòkòrò tí oògùn náà kò ká mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá da ìyẹ̀fun náà sí i, á gan mọ́ ojú ọgbẹ́, ara màmá sì lè bínú sí i.

Tó bá jẹ́ vancomycin, oògùn MRSA tí wọ́n ń fi dírípù fà sí iṣan, ni wọ́n ń fún màmá, ó kéré tán, wákàtí kan ló yẹ kó fi wọ iṣan tán. Ẹ má bá wọn ṣí i kó yára o, ara á máa yún wọn, á sì pọ́n.

Ní ti ẹ̀yin, kòkòrò náà lè wà ní ihò imú yín láìṣe yín ní nǹkan kan. Ọwọ́ ló fi ń rìn. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó kan màmá, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá tí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bá ní kí ẹ bá òun gbé omi. Àánú wa ní wọ́ọ̀dù pọ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò náà sì ń gbà kọjá. Tí ẹ bá ní ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́, ẹ bò ó. Bí àwa òṣìṣẹ́ bá sì fẹ́ tú báńdéèjì láìfọwọ́, ẹ dá wa dúró. Ẹ̀tọ́ yín ni.